Họ́ọ̀sì Bíréèkì Kì í Ṣe Ilé Aago Tọ́bò

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ níwájú ilé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan ní ń ṣiṣẹ́, ẹni márùn-ún ní ń gbà á nímọ̀ràn. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ńpà, ọ̀kan di ìgò omi mú, ọ̀kan ń ròyìn ọkọ̀ tí òun ní nígbà kan, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú rí rí.

Píkáàpù funfun ni ọkọ̀ tí wọ́n yí ká. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, ó sì ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè rí agbára gun òkè. Tọkọtaya kan ló ni ín. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń ṣe tà. Ọkọ ló ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì tó sì ń tẹ búlọ́ọ̀kù nínú àgbàlá, ìyàwó ló ń wakọ̀ kó wọn lọ fún àwọn oníbàárà. Nítorí náà, gbogbo àdúgbò ló ń pe obìnrin náà ní Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? "Ọkọ Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù" ni wọ́n ń pe òun. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rẹ́ ọkọ yìí láti kékeré, oníwáyà ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìwé ló fi gba orúkọ náà, ẹnu ló fi gbà á.

"Aago tọ́bò nìyí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó gbé nǹkan roboto kan sókè bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. "O ní ọkọ̀ ò gun òkè dáadáa mọ́, àbí? Aago yìí á máa sọ fún ẹ bí tọ́bò ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Tí ibì kan bá ń jò, wàá ti rí i kó tó di wàhálà."

Òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ náà ni òótọ́ rẹ̀ parí sí.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù jáde síta, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi irú aago yìí sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rí?"

"Ìyàwó wa, ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́. Àbí ẹ rí èyí tó ń jẹ koríko nínú wọn?"

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwé tó bá aago wá ńkọ́? Ṣé ẹ ti kà á?"

"Ta ní ń ka ìwé kó tó jẹun?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìwé ọ̀hún nu epo lọ́wọ́, ó ká a, ó jù ú sábẹ́ ọkọ̀. Ni wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù wo ìwé náà nílẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ó ti wọlé tán kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mú ọ̀bẹ. Họ́ọ̀sì rọ́bà kan tó nípọn ló gé sí méjì. Nínú àpótí rẹ̀, ó wá ike ẹlẹ́nu mẹ́ta kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń pín omi kiri nínú ọgbà. Ó ki ẹnu méjì rẹ̀ bọ họ́ọ̀sì tó gé, ó so họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ ti aago mọ́ ẹnu kẹta. Kò ní kílíìpù lọ́wọ́. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé ló fi dì í, ó fi pílíà lọ́ ọ.

"Èló ni?" ni ọkọ bi í.

"Láàárín èmi àti ìwọ? Ọ̀fẹ́ ni, jàre."

Wọ́n tanná sí ọkọ̀. Ọwọ́ aago fò lọ sí ìpẹ̀kun apá òsì, ó dúró síbẹ̀ gbọnin. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí apá òsì túmọ̀ sí.

Láti ọjọ́ Ajé ni Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù ti ń wo aago yìí. Obìnrin náà fẹ́ràn kí òun máa wo nǹkan títí yóò fi yé òun. Nígbà tó ń gun òkè, tó tẹná débi pé ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹranko, ọwọ́ aago kò mira. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ kan bíréèkì báyìí, ọwọ́ aago á gbọ̀n pìrì, á sì tún padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Aago tuntun ni," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. "Ó ṣì ń mọ ọkọ̀ lójú ni."

"Aago tí wọ́n ní kó máa wo tọ́bò, kí ló wá ń wá nídìí bíréèkì?"

"Ìyá àwọn ọmọ mi, jẹ́ n jẹun."

Lọ́jọ́rú, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń dúró o, ṣùgbọ́n àfi kó fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìkóríta, ó dúró, ó sọ fún un láti ojú fèrèsé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ wọ bàtà tó le, ìyàwó wa! Sálúbàtà lẹ fi ń wakọ̀, ẹ ní bíréèkì le."

Nígbà tó délé, ó tún sọ fún ọkọ rẹ̀. "Jẹ́ ká gbé e lọ fún mẹkáníìkì kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú lásán ni wọ́n máa fi wò ó."

"Ẹsẹ̀ ẹ ni kò lágbára."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí tẹ bíréèkì ọkọ̀ yẹn! Ṣé àná ni mo gbé ẹsẹ̀ tuntun wálé ni?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. "Wò ó. Ọ̀rẹ́ mi ṣiṣẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n wá gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì pé kó bá mi tú u wò? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lọ́la? Iṣẹ́ ọ̀rẹ́, a kì í tú u wò."

Láàárín àwọn ọkùnrin tó máa ń yí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká yẹn, òfin gidi ni gbólóhùn yìí. Ẹni tó bá sanwó iṣẹ́ lè bèèrè, ó lè jà, ó lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún lọ́fẹ̀ẹ́, ọpẹ́ ló kù fún un, kó sì panu mọ́.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù panu mọ́. Òun náà kò tíì dárí jì ara rẹ̀ fún ìyẹn títí di òní.

Lọ́jọ́bọ̀, ọgọ́rin búlọ́ọ̀kù ló kó sẹ́yìn ọkọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè ló ń kó o lọ. Nígbà tó dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó tẹ bíréèkì. Kò wọlé. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń ti ilẹ̀kùn ilé kan tí wọ́n ti kọ́ bíríkì dí láti inú. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, ó dìde kúrò lórí ìjókòó, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ń dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó já jíà sílẹ̀, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó tẹ fèrè mọ́lẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, bíríkìlà kan jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń mumi. Ó gbójú sókè. Ó ju ike omi nù, ó fò.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù yí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn. Àpò sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà jókòó lé fọ́ yángá lábẹ́ táyà. Búlọ́ọ̀kù ya lulẹ̀ lẹ́yìn, eruku funfun bo gbogbo ilẹ̀, nígbà tí eruku sì rọlẹ̀, bíríkìlà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ ti bó.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni, Ìyá? Ọmọ mẹ́rin ni mo bí o! Mẹ́rin!"

Obìnrin náà ń wo àpò sìmẹ́ńtì.

Wọ́n fi fóònù pe ọkọ rẹ̀, ó sì dé pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkọ nìyí: "Fóònù lò ń tẹ̀, àbí?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

"Tún un sọ."

"Mo ní bóyá..."

"Tún un sọ kí gbogbo ayé gbọ́! Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo sọ fún ẹ lánàá. Mo sọ fún eléyìí láti ojú fèrèsé, ó ní kí n lọ ra bàtà!"

"Ìyàwó wa, ẹ rọra," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ti le fún obìnrin."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí o bá tún pè mí ní ìyàwó wa lónìí, búlọ́ọ̀kù ni n ó fi dá ẹ lóhùn."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. N ó wà á lọ sílé. Lọ́la ni mo máa gbé ìyá mi lọ rí dókítà ojú, òkè yìí náà la máa bá sọ̀kalẹ̀, mi ò sì lè máa jà lójú títì."

"Ìyá ta lo fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ yìí?"

"Ìyá mi."

"Kò ní wọ̀ ọ́. Ìwọ náà ò ní wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ yìí, kó kọ́kọ́ gé ọwọ́ mi."

Ni ọkọ bá fa fóònù yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló pè. Òṣìṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí ní ibùdó tí ìjọba ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Àǹtí Aláyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é. Òun àti ìyàwó àbúrò rẹ̀ kì í jà, wọn kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni tó wà lórí ìlà níwájú dókítà kan náà. Ọkọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi pè é nìyẹn, ó rò pé ẹ̀yìn òun ló máa wà.

"Àǹtí, ẹ wá bá mi bá ìyàwó yín wí. Ó ti fọ́ búlọ́ọ̀kù oníbàárà, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ń pariwo lé mi lórí níwájú àwọn bíríkìlà."

Àǹtí Aláyẹ̀wò dé ní aago mẹ́rin, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá dúró níwájú Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù.

"Ìwọ lo wà á?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ọkọ ẹ ti rojọ́ tiẹ̀ fún mi lórí fóònù. Kí ni ìwọ rí?"

Kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Omi lé sí i lójú, ó sì tún bínú sí omi náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó débi ọwọ́ aago, Àǹtí gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró níbẹ̀. Tí o bá tẹná ńkọ́?"

"Kì í mì."

"Tí o bá tẹ bíréèkì?"

"Ìgbà yẹn ló máa ń gbọ̀n."

Àǹtí Aláyẹ̀wò wo Ọ̀jọ̀gbọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi òkúta há táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá ní kí ìyàwó wọ inú ọkọ̀.

"Má tanná sí i. Tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó le. Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀ lé e, má gbé e kúrò o. Ó yá, tanná sí i wàyí. Ṣé bíréèkì rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ?"

"Rárá, Àǹtí. Bó ṣe wà náà ló wà."

"Ó yẹ kó rì. Ọkọ̀ tó bá dáa, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, bíréèkì á rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Kí wọ́n tó ṣí i tán ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ: ṣììììì, bí ejò. Àǹtí tẹ̀lé ohùn náà títí tó fi kan ike ọgbà. Ooru ẹ́ńjìnnì ti mú kó rọ̀, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi dì í.

"Kí nìyí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mo ní kí nìyí! Ike tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́?" Ó gbá agolo dúdú ńlá kan tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. "Ẹ rí eléyìí? Òun ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, inú họ́ọ̀sì yìí ló sì ń gbà. Tí họ́ọ̀sì bá ti ń jò, ìrànlọ́wọ́ tán nìyẹn. Ó ku ẹsẹ̀ lásán àti ọgọ́rin búlọ́ọ̀kù. Ẹ́ẹ̀n, ta ló gé e?"

"Àǹtí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, "nínú ọkọ̀ pẹtiróòlù, bí mo ṣe máa ń..."

"Ṣé pẹtiróòlù lo rí níbí? Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ń fa afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló ń bá bíréèkì fà á. Àti nínú pẹtiróòlù náà, ta ló ní kí o fọwọ́ kan họ́ọ̀sì bíréèkì? Ìdí nìyí tí aago ẹ fi ń wo apá òsì, níbi tí wọ́n kọ fífà afẹ́fẹ́ sí, láti ọjọ́ Àìkú! Bíréèkì ló ń wò. Kò gbúròó tọ́bò rí. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Làpálàpá ọ̀hún gan-an, ẹ ò rí i pa."

"Àṣìṣe ni, Àǹtí. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?"

"Nígbà tó sọ fún ẹ pé bíréèkì ń le, tí o rẹ́rìn-ín, àṣìṣe nìyẹn náà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wolẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì kú. "Kì í ṣe pé bíréèkì ò sí rárá. Ẹni tó bá lágbára lè..."

"Ó dáa." Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Wọlé. Ẹ gbé e padà sórí òkè fún un, kẹ́ ẹ kó búlọ́ọ̀kù sí i, kó wà á sọ̀kalẹ̀. Pe ilé kí wọ́n mú ọmọ ẹ wá, kó jókòó tì ẹ́. Ẹni tó bá lágbára ni, àbí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún sẹ́yìn. "Àǹtí, ọmọ mi kẹ̀?"

"Ọmọ ta ni kó jẹ́?"

Ọkọ Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, mi ò mọ̀. Mo rò pé..."

"O mọ̀. Mo sọ fún ẹ." Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nísinsìnyí, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n lò ń tì. O bẹ̀rù ojú ẹ̀ ju òkú mi lọ."

Ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Èmi àti ẹ ṣì máa délé. Bíríkìlà nìyẹn. Ó bímọ mẹ́rin. Òun ni kí o lọ bẹ̀."

Ó lọ bẹ bíríkìlà. Bíríkìlà ò gbà á lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó gbà á lójú ẹsẹ̀.

Wọn ò wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ ni. Takisí ló gbé ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì tó mọ dísẹ́ẹ̀lì yọ họ́ọ̀sì bíréèkì tí wọ́n gé, ó fi odindi tuntun sí i, kò lẹ̀ ẹ́, kò so ó. Ó wo inú ìwé ọkọ̀ náà, ó wá họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ tọ́bò lọ sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ló so aago mọ́. Ó fi kílíìpù dì í. Ó fi rọ́bà sí ẹnu ihò tí wáyà gbà wọlé kí irin má bàa gé e, ó sì fi fíúùsì sí wáyà náà kó má bàa di iná. Nígbà tí Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù tẹná, ọwọ́ aago gòkè sí apá ọ̀tún. Kò gòkè tó bó ṣe yẹ. Họ́ọ̀sì tọ́bò kan ló ti ya, òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ gun òkè láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní píkáàpù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà á, a ò ní kẹ́ ẹ má fi aago tọ́bò sí ọkọ̀ yín. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá a wá, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó mọ irú ẹ́ńjìnnì yín ló fi í sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé họ́ọ̀sì bíréèkì nítorí aago kankan, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá. Aago tọ́bò gbọ́dọ̀ máa gòkè tẹ́ ẹ bá tẹná. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì ló ń gbọ̀n, ẹ pa ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ dán bíréèkì yín wò bí Àǹtí Aláyẹ̀wò ṣe dán an wò, pàápàá lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni bá ṣiṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìṣẹ́jú kan ni, kò gba irinṣẹ́. Bí bíréèkì bá sì ń le, ẹ má ṣe gbé ẹrù, ẹ má ṣe gbé èèyàn, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó tún un ṣe lọ́la.

Bí ẹni tó ń wakọ̀ bá ní nǹkan kan ti yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ẹ gbà á gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wà lórí ìjókòó yẹn.

Ẹni tó bá sì bínú nítorí pé ẹ tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kó bínú. Ìbínú rẹ̀ á tán. Ẹni tí ọkọ̀ bá tẹ̀ pa kì í padà wá gba ẹ̀bẹ̀.